Bí A Ṣe Ń Ya Fọ́tò Ọjọ́ Tí Kì Í Ṣe Ọjọ́ Òde ní Èkó

Ẹ ṣí àpótí fọ́tò ilé yòówù ní Sùúrùlérè, Mushin tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìgbéyàwó ni ẹ óò bá níbẹ̀, ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú àgbà, ọjọ́ ìbí ọmọ ọdún kan tó jókòó síwájú kéèkì. Aṣọ ẹbí ló pọ̀ jù níbẹ̀, gèlè dúró sánsán, gbogbo ojú kọ kámẹ́rà. Ìyá tó fi ogún ọdún dín àkàrà ní ẹnu ọ̀nà ilé yẹn, ẹ lè má rí òun àti agbada rẹ̀ pọ̀ nínú fọ́tò kankan. Ọjọ́ tó bá di pé wọ́n ń wá àwòrán tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ògiri láti fi kéde ìpapòdà rẹ̀, inú fọ́tò òde kan ni wọn yóò ti gé e jáde, èjìká ẹlòmíràn á sì ṣẹ́ kù sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀.

Ọjọ́ òde kò ṣòro. A ti sanwó fún fótógíráfà, yóò wá. Ọjọ́ tí kò sí òde ni kò sí ẹni tó ń yà á, bẹ́ẹ̀ òun ló pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé wa. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ fọ́tò, tó ní fóònù tàbí kámẹ́rà kékeré kan lọ́wọ́, tó sì ń gbé nínú ariwo Èkó yìí.

Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ yà sílẹ̀ kí ẹ tó mú fóònù

Ẹ mú bébà. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó súnmọ́ yín, kí ẹ sì kọ iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn máa ń ṣe sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. "Ìyá mi" nìkan ti fẹ̀ jù. "Ọwọ́ ìyá mi nígbà tó bá ń pọ́n mọ́ínmọ́ín sínú ewé" ṣeé yà. "Bàbá mi" ti fẹ̀ jù. "Bàbá mi lórí àga onírọ́bà níwájú ilé, rédíò létí, láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́" ṣeé yà. Àbúrò tó ń sáré lọ aṣọ iléèwé lálẹ́ Sọ́ńdè kí NEPA tó múná lọ. Ìyá àgbà tó ń ka tẹ̀sùbáà lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Alájọgbélé tó máa ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì lẹ́ẹ̀kan láti ìdí kànga dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ohun tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé: kí ni ẹni yìí máa ń ṣe tó jẹ́ pé bí kò bá ṣe é mọ́, ilé á yí padà?

Ẹ fi ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ kún un. Èkó kì í fi ilé sílẹ̀ pẹ́. Ìlójò Bar ní gbàgede Tinubu, ilé Àgùdà tí ìjọba ti kà mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956, wọ́n wó o lulẹ̀ ní 2016. Fọ́tò ilé náà fúnra rẹ̀ wà lóríṣiríṣi. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni ti àwọn tó máa ń jókòó sábẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ láti ta ọjà, láti sinmi, láti fi ojú wá ọkọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ilé àtijọ́ kan ní àdúgbò yín, ní Campos tàbí Ebute Metta, ẹ má ya ògiri rẹ̀ nìkan. Ẹ dúró de ẹni tó máa jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Tí ẹ bá ti kọ nǹkan mẹ́wàá, ẹ mú ọ̀kan ṣoṣo. J.D. 'Okhai Ojeikere (1930–2014), fótógíráfà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin ní 1968, kò sì dáwọ́ dúró títí tó fi ní irun oríṣiríṣi tó súnmọ́ ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ̀yìn orí ló ń yà jù, kì í ṣe ojú. Òpópónà, ibi iṣẹ́, òde ìgbéyàwó, ibi tó bá ti rí irun ló ti ń yà á. Irun tí obìnrin dì lọ́sẹ̀ kan, tó tú u lọ́sẹ̀ kejì, òun náà ni àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ń gbé kọ́ sí ògiri báyìí. Ẹni tó bá ń padà sí ìdí nǹkan kan náà ló máa ń rí ohun tí ẹni tó ń kọjá kò rí.

Ìmọ́lẹ̀: ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí

Bí mo bá ní kí ẹ kọ́ ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí, ìmọ́lẹ̀ ni mo máa mú. Fóònù olówó ńlá tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ burúkú kò lè bá fóònù lásán tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ dáadáa dọ́gba.

Ní Èkó, oòrùn máa ń yọ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje láàárọ̀ jákèjádò ọdún, ó sì máa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje nírọ̀lẹ́. Wákàtí kan lẹ́yìn tó bá yọ àti wákàtí kan ṣáájú kó tó wọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń rọ̀, tó máa ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, tó sì máa ń bọ́ sí ojú èèyàn dáadáa. Láti bí aago mọ́kànlá sí mẹ́ta ọ̀sán, orí wa gan-an ló wà, pàápàá ní oṣù kẹrin àti oṣù kẹsàn-án. Ihò ojú á dúdú, imú á ju òjìji sórí ètè. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ ya fọ́tò lásìkò yẹn, ẹ wọ abẹ́ ibòji: abẹ́ agbòòrùn oníṣòwò, abẹ́ igi, ìdí páànù ṣọ́ọ̀bù. Abẹ́ agbòòrùn aláwọ̀ pupa tàbí aláwọ̀ ewé máa ń fi àwọ̀ rẹ̀ kun ojú èèyàn, nítorí náà ẹ wá funfun tàbí kí ẹ ní kí ẹni náà sún sí etí rẹ̀.

Nínú ilé, ẹnu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ máa wá. Àwọn ilé tí yàrá kojú síra, tí à ń pè ní face-me-I-face-you, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ṣókùnkùn láàárín, ṣùgbọ́n ìpẹ̀kun méjèèjì mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ fẹ́ yà jókòó sínú, bí ìgbésẹ̀ kan tàbí méjì sí ẹnu ọ̀nà, kí ó kọ ojú sí ìta. Kí ẹ̀yin dúró sí ẹ̀gbẹ́ férémù ilẹ̀kùn, kí ẹ má dí ìmọ́lẹ̀ náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ á rọra ṣókùnkùn, ojú rẹ̀ á sì yọ. Fèrèsé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ti ká kọ́tìnì kúrò.

Ẹ pa fìláàṣì. Ó máa ń jẹ́ kí òógùn ojú máa dán, ó ń sọ ògiri ẹ̀yìn di dúdú kirikiri, ó sì ń jẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀ pé ẹ ń ya fọ́tò. Tí iná bá lọ lálẹ́, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù kejì kọ ògiri funfun tàbí òrùlé. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ara ògiri padà máa ń rọ̀ ju èyí tó kọlu ojú tààrà lọ. Àtùpà onígbàjáájì tó wà lórí tábìlì nígbà tí ọmọ ń ṣe iṣẹ́ iléèwé ti tó fúnra rẹ̀, ẹ má fi nǹkan kún un.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara wa ńkọ́? Kámẹ́rà máa ń wo gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀, á sì wá ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí yóò bá gbogbo rẹ̀ mu. Tí èèyàn dúdú bá dúró síwájú ògiri funfun tàbí ojú ọ̀run, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á din kù, ojú èèyàn á sì di òjìji. Tí ó bá dúró síbi tó ṣókùnkùn, kámẹ́rà á fi ìmọ́lẹ̀ kún un jù, ara á wá dà bí ẹni tó fín eérú. Ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni náà lórí fóònù. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù, àmì oòrùn kékeré kan á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀: ẹ fà á sókè kí ó mọ́lẹ̀ sí i, ẹ fà á sísàlẹ̀ kí ó dín kù. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ fóònù á ti ìwọ̀n náà pa, kò ní yí padà títí ẹ ó fi tẹ ibòmíràn. Ara ẹni náà ni kẹ́ ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n. Bí ògiri bá funfun jù, ẹ jẹ́ kó funfun.

Èéfín fẹ́ ọ̀nà tirẹ̀. Ìyá tó ń yan ẹja ní Makoko, ẹni tó ń dín dúńdú, ẹni tó ń fi igi dá iná ìrẹsì òde lẹ́yìnkùlé: tí oòrùn bá wà lẹ́yìn yín, ẹ ò ní rí èéfín náà nínú fọ́tò. Ẹ yí ká títí oòrùn á fi wà lẹ́yìn èéfín tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á wá hàn gedegbe. Ẹ ṣọ́ra fún epo tó ń ta.

Lásìkò ọyẹ́, ojú ọ̀run máa ń rí bí aṣọ funfun tí wọ́n ta, ìmọ́lẹ̀ á rọ̀ títí dé ọ̀sán. Ẹ lo àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn dáadáa. Tí ẹ bá jáde láti yàrá tó ní AC bọ́ sí ìta, ojú kámẹ́rà á bu kùrukùru. Ẹ dúró díẹ̀ kó fúnra rẹ̀ lọ. Ní gbogbo ìgbà mìíràn, ẹ máa fi aṣọ òwú tó mọ́ nu ojú kámẹ́rà kí ẹ tó ya ohunkóhun, nítorí epo ìka máa ń mú kí fọ́tò ṣú.

Ìkíni ṣáájú kámẹ́rà

Ní àdúgbò Yorùbá, ẹni tí kò bá kí èèyàn kò lè ya èèyàn. Oníṣòwò: "Ajé á wọgbá o." Onídìrí: "Ojú gbooro o," á sì dá yín lóhùn pé "Òòyà á yà o." Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kí fóònù tó jáde lápò. Ní Balógun, Ìdúmọ̀tà tàbí Oyíngbò, ẹ kọ́kọ́ ra nǹkan. Owó ata tàbí ti ọsàn kò pọ̀, ó sì ń sọ yín di oníbàárà.

Ẹ mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Ẹni tó pàtẹ sí etí títì lè rò pé ìjọba ló rán yín wá ya ẹ̀rí tí wọ́n máa fi kó ọjà òun. Àgbà lè máa bẹ̀rù pé ẹ máa fi àwòrán òun ṣe nǹkan burúkú. Ọ̀dọ́bìnrin lè rò pé ẹ máa gbé òun sórí ẹ̀rọ ayélujára kí wọ́n lè fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe ní kedere: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ ya ọwọ́ yín bí ẹ ṣe ń dín in. Màá tẹ ọ̀kan jáde fún yín." Bó bá ní rárá, ẹ dúpẹ́, ẹ ra àkàrà yín, ó parí. Bó bá gbà, ẹ mú ìlérí yín ṣẹ, nítorí fọ́tò tí ẹ bá gbé padà wá lọ́wọ́ ni yóò ṣí ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kejì, àti ti aládùúgbò rẹ̀ tó ń wò yín láti òdìkejì.

Ní ti ọmọdé, òbí ni kẹ́ ẹ bi. Ẹ má ya ọmọ tó wà níhòhò nídìí ìwẹ̀, bó ti wù kó dùn ún wò tó. Bí ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò ọmọ hàn níta, kí orúkọ iléèwé má hàn lára yúnífọ́ọ̀mù.

Ẹ yẹra fún bárékè, àgọ́ ọlọ́pàá àti ibi tí ẹ̀ṣọ́ ti ń dá ọkọ̀ dúró. Òfin kò fàyè gba fọ́tò yíyà ní ibi tí ìjọba fi ààbò sí, àlàyé tí ẹ bá sì ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti gba fóònù kì í tètè wọlé. Ní gáréèjì, ẹ wá alága ọkọ̀ kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni. Nínú gó-ṣíló, pàápàá lórí afárá, ẹ má na fóònù jáde láti fèrèsé dánfó. Ẹ ti gíláàsì, kí ẹ sì ya ohun tó wà nínú ọkọ̀: kọ́ńdọ́ tó ń ka ṣéńjì, ìyá tó ti sùn lé àpò rẹ̀. Àwọn náà, ẹ kí wọn.

Ọ̀sán Sọ́ńdè kan nídìí irun: bí ẹ ṣe lè ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ ká mú irun dídì, torí kò sí àdúgbò tí kò ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ onídìrí, onídìrí wà lórí àpótí, òòyà àti ìpara wà nílẹ̀.

Ẹ dé ibẹ̀ kí irun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kí wọn, ẹ jókòó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn Èkó, tí wọ́n bá ti rí fóònù, wọn á ní kí ẹ jẹ́ kí àwọn lọ pààrọ̀ aṣọ, tàbí kí wọ́n gbé àgbọ̀n sókè, kí wọ́n dúró gbagidi. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ ya èyí tí wọ́n dúró fún, ẹ fi hàn wọ́n, ẹ yìn wọ́n tọkàntọkàn, torí fọ́tò yẹn tiwọn ni. Lẹ́yìn náà ẹ gbé fóònù sórí ẹsẹ̀ yín, kí ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí irun bá dé ilà kẹta tàbí ìkẹrin, wọn á ti gbàgbé yín.

Nígbà yẹn ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ jìnnà kí gbogbo ẹ̀yìnkùlé hàn: okùn aṣọ, èédú tó ń jó, adìyẹ tó ń kọjá. Ẹ súnmọ́ kí àwọn méjèèjì nìkan kún fọ́tò. Ẹ tún súnmọ́ kí ó ku ìka onídìrí àti ojú ìlà irun. Ẹ fi ẹsẹ̀ súnmọ́ wọn, ẹ má fi ìka fa súùmù, torí súùmù fóònù máa ń ba àwòrán jẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú kámẹ́rà bá ojú ọmọ dọ́gba. Bí ọmọ bá ń ti orí nítorí ìrora, tàbí tó ti ń sùn, ẹ ya mẹ́wàá léra wọn. Ọ̀pọ̀ fóònù máa ń ṣe é tí ẹ bá di bọ́tìnnì mú tàbí tí ẹ bá fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀kan nínú mẹ́wàá náà lẹ máa mú, nígbà tí ojú ń pa dé gan-an.

Ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn orí wọn kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Òpó iná tó dà bíi pé ó hù láti àtàrí ọmọ, ẹ sún ìgbésẹ̀ kan, á kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ má tún ilé ṣe nítorí fọ́tò. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ máa ní kí ẹ gbé kúrò, èmi ní kí ẹ fi sílẹ̀: sítóòfù, jálá omi, bàtà onírọ́bà lẹ́nu ọ̀nà, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì lára ògiri. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ọmọ náà á máa fi ìka tọ́ka sí, kàlẹ́ńdà yẹn á sì sọ ọdún fún un.

Nígbà tí irun bá parí, ẹ ya ẹ̀yìn orí nínú ibòji, kí ẹ sì bi onídìrí lórúkọ irun náà. Ṣùkú ni àbí kòlẹ́sẹ̀? Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni àbí pátẹ́wọ́? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yà á

Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹ yan èyí tó dára, kí ẹ pa ìyókù rẹ́. Èmi kì í fi ju márùn-ún sílẹ̀ nínú ìjókòó kan. Ẹ kọ orúkọ, ibi àti ọjọ́ mọ́ ọn.

Kí ẹ̀dà má kéré sí méjì, kí ọ̀kan má gbé inú fóònù yín, nítorí fóònù ní Èkó lè lọ nígbàkugbà. Google ń fúnni ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́. Fláàṣì kékeré tí ẹ gbé pamọ́ sílé ẹ̀gbọ́n yín ní Ìkòròdú náà dára. Tí ẹ bá fẹ́ fi WhatsApp ránṣẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document, torí bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, á fún un pọ̀, ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ á sọnù.

Ẹ tẹ èyí tó dára jù jáde sórí bébà. Fọ́tò íńṣì 6 sí 4 kò nílò ju píkísẹ́lì 1,800 sí 1,200 lọ, èyí tí ọ̀pọ̀ fóònù ń yà kọjá báyìí. Ẹ fi pẹ́ńsùlù tó rọ̀ kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn rẹ̀ láì tẹ̀ ẹ́. Bí pẹ́ńsùlù kò bá mú, ẹ kọ ọ́ sórí bébà kékeré kí ẹ fi sínú àpò kan náà. Ẹ ra álíbọ́ọ̀mù alápò, ẹ yẹra fún èyí tí ojú ìwé rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ fọ́tò, torí tó bá pẹ́ kò ní jẹ́ kí ẹ yọ ọ́ mọ́. Ẹ má gbé e sí ìdí ògiri tó ń lómi nígbà òjò.

Fọ́tò àwọn tó ti lọ

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni àgbà ilé máa ń gbé fọ́tò àtijọ́ jáde fún. Ẹ gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì nítòsí fèrèsé, kí oòrùn má kàn án tààrà, kí fìláàṣì wà ní pípa. Ẹ gbé fóònù sí òkè rẹ̀ gan-an kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Tí ó bá ń dán, ẹ yí tábìlì náà díẹ̀díẹ̀ títí dídán á fi kúrò. Ẹ má yọ ọ́ nínú férémù tó ti lẹ̀ mọ́, ẹ ya á bẹ́ẹ̀. Ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú, torí òǹtẹ̀ ilé ìyàwòrán àti ọjọ́ sábà máa ń wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ tẹ ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù kan náà, kí ẹ gbé e sí àárín yín. Ẹ bi àgbà ilé náà pé ta ni ti ọ̀tún, ta ni ti òsì, àdúgbò wo ni, ta ló ran aṣọ yẹn, kí ló ń ta nígbà náà. Ẹ má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí ẹ fi fáìlì ohùn náà sí inú fódà kan náà pẹ̀lú fọ́tò, kí orúkọ méjèèjì bára mu.